Ojú àlùjọ̀nnú wa ń yọ́ lábẹ́ iná

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Fíìmù kékeré kan la fẹ́ yà létí ọ̀sà níbí, nípa àlùjọ̀nnú tó ń fún èèyàn ní ohun tó bá tọrọ, tó sì ń fi gba ẹ̀mí ẹ̀. Gelatin, èròjà rírọ̀ tí wọ́n ń sè látara awọ àti eegun ẹran, la fi ṣe ìwo àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, àmọ́ kò pẹ́ lábẹ́ iná tó fi ń yọ́. Kí la lè fi rọ́pò ẹ̀? Ìkejì, ìtàn náà ò dẹ́rù bani, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ń kú nínú ẹ̀ ṣáá.

Alátíkè Kétu: Gelatin àti ooru kì í ṣọ̀rẹ́. Latex, ìyẹn oje rọ́bà, ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí apá òṣèré, kẹ́ ẹ dúró di wákàtí 24, torí ara ẹlòmíì máa ń kọ̀ ọ́. Ẹ fi àlùkọ́ọ̀lù nu ojú ẹ̀ dáadáa; òógùn àti òróró ni kì í jẹ́ kó lẹ̀. Ẹ fi faselíìnì ra irun ojú ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, latex á fà á tu. Ẹ wá tọ́ latex fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ lẹ bébà ìnujú mọ́ ọn, ẹ tún tọ́ òmíràn lé e. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi ya bébà yẹn, torí etí èyí tí sísọ́ọ̀sì gé máa ń hàn. Ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Tẹ́ ẹ bá dà á nípọn lẹ́ẹ̀kan, òkè á gbẹ, inú á ṣì tutù, ibẹ̀ lá ti ya. Àtíkè ló kàn! Latex tó bá kan ara wọn láìsí àtíkè á lẹ̀ pọ̀, ó parí nìyẹn. Amóníà, kẹ́míkà tó máa ń ta ojú, wà nínú ẹ̀, kó má sún mọ́ ẹyinjú.

Oníná: Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ faselíìnì yẹn ò gbọdọ̀ kọjá irun, torí òróró ń jẹ rọ́bà. Ní ti ìwo, bébà àti gọ́ọ̀mù ni kẹ́ ẹ fi mọ ọ́n kó lè fúyẹ́, kẹ́ ẹ rán an mọ́ fìlà, kẹ́ ẹ wá fi latex bo oríkèé wọn. Létí ọ̀sà, kì í tètè gbẹ. Ẹ gbé fáànù sí i.

Ará Sábẹ̀: Òfin ni ìtàn yín ò ní. Ẹ wo fíìmù Wishmaster tí Robert Kurtzman darí ní 1997. Àlùjọ̀nnú ibẹ̀, tí Andrew Divoff ṣe, ò kàn lè máa ṣe bó ṣe wù ú: ẹni tó jí i gbọ́dọ̀ tọrọ ohun mẹ́ta, ẹ̀kẹta ni àwọn ẹ̀yà ẹ̀ á fi ya wọ ayé. Ìdí nìyẹn tí àyà wa fi ń já nígbàkigbà tí Alexandra, obìnrin tó jí i, bá lanu. Ẹ̀kẹta yẹn náà ni Alexandra sì fi mú un: ó ní kí ẹni tó wa ẹ̀rọ agbẹ́rù má ti mutí lọ́jọ́ tí ère tí òkúta àlùjọ̀nnú náà wà nínú ẹ̀ jábọ́; bí ère ò bá jábọ́, kò sẹ́ni tó máa jí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó pa á. Obìnrin kan ní, "Ojú mi ò gbọdọ̀ rí ìyà mọ́." Àlùjọ̀nnú rẹ́rìn-ín: "Ó dáa, ìyá." Ẹ gé ibẹ̀. Ohun tó kàn tá a máa rí ni ọwọ́ ẹ̀ tó ń wá ògiri kiri. Ẹ ò nílò ẹ̀jẹ̀ kankan.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ ṣé gan-an. Gelatin tó ṣẹ́ kù ńkọ́?

Oníná: Ọgbẹ́ ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣe, kẹ́ ẹ yà á láàárọ̀ kùtù.