Mo fẹ́ kọ ìtàn inú yàrá ní Yorùbá, àmọ́ bí èébú ló ń rí

Tuntun_Nídìí_Ìwé: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn ìfẹ́ ni, èyí tó gbóná díẹ̀, ti àgbàlagbà. Tọkọtaya ni wọ́n, ọkọ ti lo oṣù mẹ́jọ lẹ́nu iṣẹ́ ní Pọtá, ó wá dé lálẹ́ Fráídè, iná ti lọ, títí débẹ̀ yẹn kò sí wàhálà, ó ń ṣàn bí omi. Àfìgbà tí wọ́n wọ yàrá. Tí mo bá pe nǹkan lórúkọ ẹ̀ gan-an, àfi bí ìgbà táwọn ọmọ gáréèjì ń bú ara wọn. Tí mo bá ní "wọ́n ní ìbálòpọ̀", nọ́ọ̀sì ìfètòsọ́mọbíbí ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Tí mo bá sì ní ó "mọ̀ ọ́n", Bíbélì nìyẹn, Ádámù sì mọ Éfà aya rẹ̀ 😩 Kí lẹ̀yin máa ń kọ gan-an? Ẹ má bú mi o, mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún.

Ìyá_Aláṣọ: Hahaha, ìwọ ọmọ yìí, o ń kánjú. Ta ló ní kó o pe nǹkan lórúkọ? Ṣé torí kí ọkọ lè máa kà á lobìnrin ṣe ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìdí ni? Aṣọ ni kó o mú, ìlẹ̀kẹ̀ ni kó o mú, kó o wá jẹ́ kí ọkọ pe oríkì ìyàwó ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, tó bá ń pè é ní gbogbo ìgbà ó ti di ti onísákárà nìyẹn. Wò ó:

"Ó fa etí ìró náà, kò tú. Àbẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. 'Oṣù mẹ́jọ péré, o ti gbàgbé ibi tí mo máa ń kì í bọ̀.' Bó ṣe yí padà báyìí, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ẹ̀ ró ṣẹ́ẹ́rẹ́."

Ṣé o rí orúkọ nǹkan kan níbẹ̀?

Ọmọ_Mesiọ̀gọ̀: Mà, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ má parọ́ mọ́ àwọn baba wa o. N'Íbàdàn níbí, lọ́jọ́ ọdún Òkè'Bàdàn, ṣebí nǹkan ọkùnrin àti nǹkan obìnrin ni wọ́n ń fi kọrin káàkiri ìgboro, lójú àgbà, kò sì sẹ́ni tó ń bínú. Ẹ̀rín lọ̀rọ̀ yẹn máa ń fà, òun ni ò ṣe bá ibi jẹ́jẹ́ mu. Ẹ fi sẹ́nu ìyàwó nígbà tó bá ń fọkọ ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má fi sẹ́nu ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ ìtàn.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi àmì sọ́rọ̀. Èmi ti jìyà ẹ̀. Ìyàwó lọ pàdé ọkọ ẹ̀ ní gáréèjì, mo wá tẹ̀ ẹ́ báyìí: "o di oko re mu gbagba". Ọkọ ni mo ní lọ́kàn o! Ẹnì kan bi mí pé oko ẹ̀gẹ́ ni àbí oko kòkó, ẹlòmíì ní ìtàn yìí mà tètè gbóná o, lójú àwọn èrò ọkọ̀ 🤣 Ọjọ́ yẹn ni mo lọ wa kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sórí fóònù mi.

Tuntun_Nídìí_Ìwé: Mo rẹ́rìn-ín títí 🤣🤣 Ẹ ṣé gan-an mà. Ibo ni kí n wá gbé e sí?

Òǹkàwé_Òru: Okadabooks, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta ìwé, ì bá dáa, àmọ́ wọ́n ti kógbá sílé ní 2023. Gbé e sí Wattpad, ìkànnì táwọn èèyàn ti ń kọ ìtàn tí wọ́n sì ń kà á, kó o sì yan "Mature" níbẹ̀ kọ́mọdé má báà kó sí i. Má fi orúkọ ẹ gangan sí i o. Èmi lo orúkọ míì, àmọ́ mo fi ikọ́ baba onílé wa sára ọkùnrin inú ìtàn, bó ṣe máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó kanlẹ̀kùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàwó baba onílé dá mi dúró lẹ́nu géètì, ó ní òun ń dúró de apá kejì.

Ìyá_Aláṣọ: Ẹ fi tonílé sílẹ̀ ná. @Tuntun, ìró yẹn wá ńkọ́, ó tú àbí kò tú?