Ìjà Eku Láàárín Ilé Mẹ́ta

Ilé tèmi ló wà láàárín. Lápá ọ̀tún ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ń gbé, lápá òsì sì ni ìyá kan tó ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Ògiri kúkúrú ló pààlà sáàárín wa, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sì ń gbin nǹkan. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń kí ara wa lórí ògiri yẹn láìsí wàhálà, àfìgbà tí eku dé. Eku nìkan ò sì tó ohun tó ń sọ aládùúgbò di ọ̀tá ara wọn. Ẹ̀sùn ló ń ṣe é.

Bàbá ló kọ́kọ́ rí i. Ọ̀sán gangan ni, eku ńlá kan ń rìn lẹ́bàá ògiri bí ẹni pé òun ló ni ilé. Wọ́n ké sí mi lójú àlejò, wọ́n ní òkìtì ajílẹ̀ mi ló ń bí eku fún gbogbo àdúgbò, pé bí mi ò bá kó o kúrò, àwọn á lọ pe wolé-wolé. Mo ní, “Ẹ má bínú, sà, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ilẹ̀ wò ná.” Wọn ò dá mi lóhùn, wọ́n wọlé lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an. Lọ́wọ́ kan náà, ìyá apá òsì ti fọkàn sí i pé ọ̀dọ̀ bàbá ni eku ti ń wá, nítorí àwọn pákó àtijọ́ tí bàbá tò jọ sẹ́yìn ilé. Kálukú ti mọ ẹni tó jẹ̀bi, kò sì tíì sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ mo wò ó. Ẹ̀yin tí irú èyí ń ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Eku tó ń gbẹ́lẹ̀ máa ń dá ihò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6 sí 9, ẹnu ihò tí wọ́n ń lò a sì máa dán nítorí wíwọlé-jáde. Bí aláǹtakùn bá ti ta sí ẹnu ihò, kò sí ẹni tó ń gba ibẹ̀ mọ́. Ìgbẹ́ eku ńlá máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ sí méjì. Eku kì í sì í fẹ́ràn gbangba. Ara ògiri ló máa ń rọ̀ mọ́, ojú ọ̀nà kan náà ló sì ń tọ̀ lálaalẹ́, títí koríko ibẹ̀ á fi tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ọ̀rá ara rẹ̀ á sì dá ilà dúdú sára ògiri. Òpó eku, ìyẹn ọ̀nà tó ń tọ̀, nìyẹn. Ẹni tó bá mọ òpó ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀.

Lálẹ́, mo ki bébà rírún bọ gbogbo ihò tí mo rí, mi ò ki í le. Èyí tí eku bá ń gbé, á ti bébà náà jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tàbí lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ti ẹ̀gbẹ́ òkìtì ajílẹ̀ mi wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ìyá gbà mí láyè láti ṣe bákan náà lọ́dọ̀ tiwọn, ti ibi ilé adìyẹ sì ti fọ́n ká. Ilà dúdú ara ògiri wá lọ láti ilé adìyẹ, ó gba ọgbà mi kọjá, ó sì wọ abẹ́ ògiri bàbá lọ. Ó hàn pé ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti ń jẹun, ọgbà mi sì ni títì tí wọ́n ń gbà. Ibi tí wọ́n ń sùn ló kù.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti burú. Bàbá ra májèlé eku, wọ́n fọ́n ọn sílẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Lára páálí májèlé náà, wọ́n kọ ọ́ pé inú àpótí tó ṣeé tì ni kí wọ́n fi í sí. Irú májèlé yìí, bíi bromadiolone àti brodifacoum, kì í pa eku lójú ẹsẹ̀. Ó ń dá iṣẹ́ fítámì K dúró nínú ara, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè dì mọ́, eku á sì máa rìn kiri fún ọjọ́ mélòó kan kó tó kú. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, òwìwí lè gbé e, ológbò lè pa á jẹ, ajá náà lè jẹ ẹ́. Ó tún lè jẹ́ májèlé gan-an ni ajá jẹ.

Ajá ìyá ló kó sí i. Ó kàn dùbúlẹ̀ kalẹ̀, kò jẹun, èrìgì rẹ̀ funfun, ẹ̀jẹ̀ ń kán nímú rẹ̀. Ìyá figbe ta. Wọ́n ń pariwo orúkọ bàbá, èmi sì ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Mi ò lè gbàgbé ohun tí bàbá ṣe nígbà náà. Wọn ò jiyàn, wọn ò wí àwíjàre kankan. Wọ́n sáré wọlé, wọ́n mú páálí májèlé náà jáde, wọ́n sì kó o lé ìyá lọ́wọ́ fúnra wọn. “Ẹ fi han dókítà. Orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀.” Páálí yẹn ni dókítà kọ́kọ́ bèèrè. Nítorí pé ó jẹ́ irú tó ń da ẹ̀jẹ̀ rú, abẹ́rẹ́ fítámì K wúlò fún un, lẹ́yìn náà ajá ń lo oògùn oníhóró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí ara rẹ̀ fi yá. Májèlé eku mìíràn wà, bíi èyí tí bromethalin wà nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé ọpọlọ ló ń bá jà. Fítámì K ò lè ran ajá tó bá jẹ ẹ́ lọ́wọ́ rárá. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ lo májèlé dandan, ẹ fi sínú àpótí títì, ẹ má sì sọ páálí rẹ̀ nù.

Lẹ́yìn èyí ni bàbá fúnra wọn ṣílẹ̀kùn fún wa. A ṣí pákó wọn, a wo ẹ̀yìn ilé ìkóǹkansí, a sì rí i: páìpù omi ìdọ̀tí kan ti sán lábẹ́ pèpéle kọnkéré, ihò ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ rin gbingbin. Eku ńlá kì í lè gbé láìmu omi lójoojúmọ́, omi sì wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá kì í wọ ibẹ̀. Ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ògiri ti lanu, ohun tó lanu ní ilé kọ̀ọ̀kan ló yàtọ̀.

A fẹnu kò pé ọjọ́ kan náà ni gbogbo wa máa ṣe é. Mo tẹnu mọ́ èyí gidi. Bí ẹnì kan bá ṣe tirẹ̀ lónìí, tí èkejì dúró di oṣù tó ń bọ̀, eku á kàn ṣí lọ sí ilé kejì ni. Abo eku máa ń lóyún fún bí ọjọ́ 21 sí 23, ó lè bí ọmọ mẹ́fà sí méjìlá lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè tún gboyún láàárín ọjọ́ kan sí méjì tó bímọ. Ẹni tó bá ní kí a ṣì dúró díẹ̀, kó rántí ìyẹn.

Bàbá tún páìpù ṣe, wọ́n kó pákó kúrò nílẹ̀, wọ́n gbé e lé orí irin. Ìyá ra garawa onírin tó ní ìdérí fún oúnjẹ adìyẹ, nítorí eku a máa họ ike jẹ. Oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù nílẹ̀, wọ́n ń gbá a kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi ò tíì da oúnjẹ sísè tàbí ẹran sórí ajílẹ̀ rí, àmọ́ mo tẹ́ àwọ̀n irin tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà 6 lọ sábẹ́ òkìtì náà, mo sì ń yí i léraléra. Eku kì í dúró níbi tí wọ́n bá ti ń da orun rẹ̀ rú.

Pàkúté la lò fún àwọn tó kù. Ohun tuntun máa ń ba eku lẹ́rù, nítorí náà a gbé pàkúté sílẹ̀ láìdẹ ẹ́, a fi oúnjẹ sórí rẹ̀, títí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ láìfura. Ìgbà yẹn la tó wá dẹ ẹ́. A kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri, a sì fi àpótí bò ó kí ẹyẹ má bàa kó sí i. Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ gbogbo wa, a sì fi omi oògùn apakòkòrò rin ìgbẹ́ wọn kí a tó kó o. Ẹ má ṣe gbá a ní gbígbẹ. Ìtọ̀ eku lè kó àrùn leptospirosis ran èèyàn láti ojú egbò tàbí láti ẹyinjú, àrùn náà sì lè bá kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ jà.

Ní ti wolé-wolé, mi ò ní kí ẹ má pè wọ́n. Bí aládùúgbò bá kọ̀ jálẹ̀, tàbí tó bá jẹ́ gọ́ta ìjọba ló fọ́, ẹ pè wọ́n, kí ẹ sì ní fọ́tò àti ọjọ́ tí ẹ rí nǹkan lákọsílẹ̀. Àmọ́ kò yẹ kí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ lórí ògiri.

Nísinsìnyí, bí ihò tuntun bá yọ, ẹni tó rí i á lọ kan ilẹ̀kùn àwọn méjì tó kù kó tó ra ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a ò tíì yanjú ni ti igi eléso ìyá, tó ya ẹ̀ka wọ ọ̀dọ̀ mi, tí èso rẹ̀ ń já sílẹ̀ lóru. Ìyá ní ẹni tí èso bá já sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kó ṣa á. Bàbá ní kí wọ́n gé ẹ̀ka náà. Èmi ni mo ń ṣa á báyìí, láràárọ̀, mo sì fẹ́ mọ bí ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ṣe pín in.