Ẹ kú ọwọ́ lómi: ẹ wá sọ ìrírí yín nípa pípààrọ̀ ìlédìí ọmọ

Bàbá Àkọ́bí, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti bímọ ni ẹ ti ń kí mi pé "Ẹ kú ọwọ́ lómi". Ẹ ṣeun, tiyín náà á yè. Àtikékeré ni mo ti ń gbọ́ ìkíni yìí, èmi náà a sì máa kí ọlọ́mọ tuntun bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò bi ara mi léèrè rí pé omi wo ni ọwọ́ wọn wà. Láti oṣù méjì yìí, mo ti mọ̀ ọ́n. Omi ìdí ọmọ ni, omi ìlédìí ni. Mo fẹ́ sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ìyàwó mi. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo. Ìyá rẹ̀ ti lọ sọ́run, ìyá tèmi sì wà ní Kétu, ó ní ọjà nílẹ̀ tó gbọ́dọ̀ tà kó tó lè wọkọ̀ wá. Bí ọmọ ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Òru ọjọ́ kìíní gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ilé ìwòsàn la ṣì wà. Ọmọ ń ké, mo tú ìlédìí rẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ dúdú bí ọ̀dà títì, ó ń dán, kò sì rùn. Mo fi òwú nù ún, kò lọ, ńṣe ló ń tàn kálẹ̀ lọ sí itan. Mo tún nù ún, ọmọ pariwo, ara rẹ̀ ti ń pọ́n. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú ọmọ. Mo sáré lọ bá nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn. Kò dìde lórí ìjókòó. Ó ní kí n lọ pe obìnrin kan nínú ẹbí mi, pé iṣẹ́ ọkùnrin kọ́. Agogo mẹ́ta òru! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ó ṣì ń dùn mí bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Ìyá àgbà kan tó wá dúró ti ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ló gbọ́. Ó dìde, ó ró ìró rẹ̀ dáadáa, ó bu omi lọ́wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, ó kán òróró díẹ̀ sórí òwú. Ó ní, "Ọmọ mi, má fà á. Jẹ́ kó rọ̀ ná." Ó fi òwú yẹn lé ìdí ọmọ, ó dúró bí ẹni ń kírun. Nígbà tó yá, ó nù ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó mọ́ féfé. Ó ní ìgbẹ́ tí ọmọ gbé ti inú ìyá rẹ̀ wá ni, pé bí ọmọ bá lo odidi ọjọ́ kan láyé tí a kò rí i, ìgbà yẹn ni kí n bẹ̀rù. Mi ò mọ orúkọ ìyá náà títí di òní. Ibi yòówù tó bá wà, Ọlọ́run á jẹ́ kó jèrè ọmọ.

Àṣìṣe tí mo ṣe nílé wá ni pé mo ń fa ìlédìí sókè dé orí ìwọ́ ọmọ, mo rò pé mò ń bò ó kí òtútù má mú un. Ìtọ̀ ń rin ín, kò sì gbẹ. Nígbà tí a lọ yẹ ọmọ wò, agbẹ̀bí fi hàn mí bí a ti ń ṣẹ́ etí ìlédìí sílẹ̀ kó wà ní ìsàlẹ̀ ìdodo, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí ìwọ́. Kò pé ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn tó já.

Ní báyìí, ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n. Mo máa ń kó gbogbo nǹkan sítòsí kí n tó tú u: omi, òwú, aṣọ ìnura kékeré, ìlédìí tuntun tí mo ti ṣí sílẹ̀. Ọkùnrin ni ọmọ wa, bí atẹ́gùn bá ti kàn án ló ń tọ̀, nítorí náà mo máa ń fi aṣọ bo iwájú rẹ̀ ná. Bí mo bá lẹ̀ ẹ́ tán, mo ń ki ìka méjì sí àárín ìlédìí àti ikùn, kí n mọ̀ pé kò fún un. Mo ń fi ìka fa etí rẹ̀ yíká itan síta, nítorí bí ó bá ká sínú, gbogbo ìtọ̀ á gba ibẹ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí gan-an ni pé inú ìlédìí ni mo ti mọ ọmọ mi. Mo rí i tí ọ̀dà yẹn di àwọ̀ ewé, tó wá di pupa rúsúrúsú, tó ní wóró wóró nínú bí ẹ̀gúsí tí kò lọ̀ kúnná. Ìyàwó mi ń sunkún nígbà náà pé ọmú òun kò ní omi. Èmi ni mo sọ fún un pé ó ní, nítorí mo ń ka ìlédìí tútù: 6, 7 lójúmọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun kò fọwọ́ kan ìlédìí rí lórí ọmọ mẹ́rin. Mo káàánú rẹ̀ ni, mi ò bú u.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín.

Ìyá Ìbejì, Kétu

Bàbá Àkọ́bí, ẹ kú ọwọ́ lómi o. Ọkọ mi ka ọ̀rọ̀ yín, ó ní kí n sọ ti alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, alẹ́ orin tó máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, fún yín.

Àwọn ìbejì mi pé oṣù mẹ́rin nígbà tí a lọ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ náà mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àmọ́ tiwa ni ní Kétu, láti 2001 ni UNESCO sì ti jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Èmi pọn Táyé, àbúrò mi pọn Kẹ́hìndé. Ẹ̀fẹ̀ tó ń kọrin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó ń júbà àwọn ìyá wa, gbogbo ènìyàn dákẹ́ rọ́rọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n ní ẹ̀yìn mi, tó móoru, tó rọra ń ṣàn wá sí ìbàdí mi. Ìgbẹ́ gbuuru ni. Ó ti gba ẹ̀yìn ìlédìí gòkè dé èjìká ọmọ, ọ̀já rin, bùbá mi rin. Kí n tó yí padà, àbúrò mi ní Kẹ́hìndé náà ti ṣe tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bí ìbejì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ìlédìí ẹyọ kan ṣoṣo ló sì kù nínú báàgì.

A kò lè gba àárín èrò kọjá. Àwọn ìyá tó jókòó sẹ́yìn wa ló yí wa ká. Ọ̀kan tú gèlè orí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, aṣọ-òkè gidi, ó ní kí n tẹ́ ọmọ sí i. Mo ní, "Ìyá, á dọ̀tí." Ó ní, "Kí ni wọ́n ń kọrin fún wa sí lọ́hùn-ún yẹn, bí kì í bá ṣe nítorí eléyìí?" Òmíràn tan iná fóònù, ó fi ọwọ́ bo iná náà láàbọ̀ kí ó má wọ ọmọ lójú. Omi inú ọ̀rá tí wọ́n rà láti mu la fi fọ wọ́n. Mo fún Táyé ní ìlédìí tó kù, wọ́n ya aṣọ ìró àtijọ́ kan sí méjì, wọ́n fi ìlàjì dí Kẹ́hìndé nídìí, wọ́n ta kókó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é láyé àtijọ́. Kò jò títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọjọ́ kejì mo fọ gèlè yẹn, mo gbé e lọ fún ìyá náà pẹ̀lú ọṣẹ méjì. Ó gba gèlè, ó dá ọṣẹ padà.

Láti ìgbà náà, aṣọ mímọ́ méjì kì í wọ́n nínú báàgì mi, bí ìlédìí tilẹ̀ kún ibẹ̀.

Àbúrò yín, Kétu

Èmi fẹ́ béèrè ni. Owó kúùṣì, bí a ti ń pe ìlédìí àlòsọnù níbí, ń ká mi lára, nítorí náà mo máa ń jẹ́ kí ọmọ mi obìnrin sùn mọ́ ọ̀kan láti alẹ́ di òwúrọ̀. Ọmọ oṣù márùn-ún ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tú u, gbogbo ìdí rẹ̀ ti bó, ó pọ́n bí ata. Mo da páúdà sí i, ó burú sí i. Bí omi bá kàn án báyìí, igbe rẹ̀ máa ń fa omi lójú mi. Kí ni kí n ṣe?

Agbẹ̀bí kan, Àjàṣẹ́

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká wá ojútùú.

Ẹ kó páúdà yẹn kúrò nílé. Eruku rẹ̀ ń wọ ọmọ ní ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń di ẹrẹ̀ nínú ìpapọ̀ ara. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́rọ́ nìkan fọ ìdí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ má fi ọṣẹ tó ń rùn dídùn sí i. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má ha á. Kí ẹ wá tẹ́ ẹ sórí aṣọ ní ìhòòhò, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀méjì mẹ́ta lójúmọ́, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Oògùn tó ju ìyẹn lọ ò sí. Lẹ́yìn náà, ẹ kun ìpara tó ní zinc kí ó nípọn dáadáa, ẹ lè rí i rà nílé oògùn. Bí kò bá sàn láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tàbí tí ẹ bá rí ìléròrò pupa kéékèèké tó ń tàn kálẹ̀ nínú ìpapọ̀ itan, ó lè jẹ́ àrùn awọ ara tí kòkòrò bí olú ń fà, ẹ gbé e wá síbi tí wọ́n ti lè yẹ̀ ẹ́ wò. Oògùn mìíràn ni ti ìyẹn.

Nítorí obìnrin ni: láti iwájú lọ sẹ́yìn ni kí ẹ máa nù ún, nígbà gbogbo. Bí ìgbẹ́ bá bọ́ sí iwájú, ó lè fa àìsàn ìtọ̀.

Ní ti òru, bí ẹ bá ya etí kúùṣì tó ti wú, ẹ ó rí ohun kan bí ẹyin ẹja tó ń yọ̀ lọ́wọ́. Ohun tó ń fa omi mu nìyẹn. Ìtọ̀ ló lè fà mu, ìgbẹ́ jókòó sórí ara ọmọ ni. Nítorí náà, bí ọmọ bá yàgbẹ́, ẹ má dúró, kódà bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ́ fún un. Bí owó bá ń hánni lọ́wọ́, ẹ fi aṣọ dí i lọ́sàn-án, kí ẹ fi kúùṣì pamọ́ de òru.

Bàbá Àkọ́bí, òótọ́ lẹ sọ nípa kíkà. Bí ọmọ bá ti pé ọjọ́ 5, ó yẹ kó tọ̀ tó ìgbà 6 láàárín wákàtí 24. Ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀: bí ìgbẹ́ ọmọ bá funfun bí ẹfun, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe sùn lé e lórí.

Ẹnì kan létí ọ̀sà, Àjàṣẹ́

Èmi ò ní ọmọ kékeré mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ di ìlédìí yín mọ́ inú ọ̀rá kí ẹ tó jù ú sáàtàn. Ajá ń fà á tú káàkiri àdúgbò wa, òjò sì ń gbá a lọ sínú ọ̀sà tí a ti ń pẹja jẹ. Ìgbẹ́ inú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n sínú ṣáláńgá.

Màmá Àgbà, Ṣábẹ̀ẹ́ (ọmọ-ọmọ wọn ló ń bá wọn tẹ̀ ẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Wọ́n kà gbogbo rẹ̀ fún mi.

Ọdún tí wọ́n yí orúkọ ilẹ̀ wa kúrò ní Dàhòmì sí Benin, 1975, ni mo bí àkọ́bí mi. Kò sí kúùṣì nígbà náà. Ìró tó ti gbó la ń ya, nítorí èyí tó ti gbó ló rọ̀. Méjìlá irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni mo ní. A ń fọ̀ wọ́n, a ń sá wọn sórí àpáta lẹ́sẹ̀ òkè Ṣábẹ̀ẹ́, oòrùn á sè wọ́n funfun. Ọmọ náà kò pé oṣù mẹ́ta tí mo gbé e wọ rélúwè lọ bá bàbá rẹ̀ ní Kútọnu, ọ̀nà tó ju 250 kìlómítà lọ. Aṣọ tútù wà nínú abọ́ onídérí lábẹ́ ìjókòó mi. Bí rélúwè bá ti dúró, ní Dàsà, ní Bohicon, mo ń ra omi lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń kiri, mo ń ṣan aṣọ létí ojú irin, mo sì ń na án sójú fèrèsé. Kí a tó dé ibùdókọ̀ kejì, atẹ́gùn ti gbé e gbẹ. Àwọn tó wà lójú kan náà pẹ̀lú mi kò kùn. Wọ́n ń bá mi di etí aṣọ mú ni kí ó má fò lọ.

Ohun tí ẹ kò ṣe mọ́, tó ń dùn mí, ni gbígbé ọmọ lé ẹsẹ̀. Bí ọmọ bá jí, kí ẹ jókòó sórí àpótí, kí ẹ na ẹsẹ̀ yín papọ̀, kí ẹ gbé ìdí ọmọ sí àárín àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì, kó kọjú sí yín, kí ẹ máa ṣe "ṣíì, ṣíì" fún un. Á tọ̀, á yàgbẹ́. Ọmọ mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń yàgbẹ́ báyẹn láràárọ̀ kí wọ́n tó lè rá. Ẹ wò ó bí aṣọ tí ẹ ó fọ̀ á ti dín kù tó.

Wọ́n tún máa ń sọ fún wa pé a kì í jó ohun tó ti ìdí ọmọ jáde, pé ìdí ọmọ á máa ta á. Èmi ò jó o rí, mi ò sì fẹ́ kí ẹ jó o.

Bàbá Àkọ́bí, Àjàṣẹ́

Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Mo gbé e lé ẹsẹ̀ láàárọ̀ yìí, ìyá mi tó ti Kétu dé lánàá ló di ọmọ lọ́rùn mú. Ó tọ̀! Ìyá mi ní òun kò mọ̀ pé òun á rí ọmọkùnrin òun níbi iṣẹ́ yìí, ó sì jókòó ó ń wò mí títí mo fi ṣe é tán. Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, òrí ńkọ́? Ìyá mi ní òun la fi ń pa ìdí ọmọ. Èyí tí mo rà ní ọjà Wàǹdó le gbagidi, ó sì ń rùn.

Màmá Àgbà, Ṣábẹ̀ẹ́

Ó ti pẹ́ nílẹ̀ ni, má fi kan ọmọ. Òrí tó dára, bí o bá fi ìwọ̀n èékánná kan sí àtẹ́lẹwọ́, kí o tó ka ẹ̀wá ló ti yọ́. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí wàrà, kò funfun báláú. Ìdí tó gbẹ dáadáa ni kí o fi pa, fẹ́ẹ́rẹ́. Bí o bá ní ẹni tó ń bọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́, kí ó yà létí rélúwè, kí ó béèrè ìyá tó ń ta òrí. Mo ti di ti ọmọ yẹn sínú ewé.