Vitamin antenatal ń bá ara mi jà, kí ni kí n ṣe?

Olóyún Tuntun: Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ gbà mí o. Vitamin tí wọ́n fún mi ní antenatal ti ba ara mi jẹ́, ó sú bo gbogbo ọrùn mi dé ikùn, mi ò róorun sùn. Ìyá ọkọ mi ní ẹja tí mo ń jẹ ló fà á, ọkọ mi ò tiẹ̀ dá sí i, bọ́ọ̀lù ló ń wò. Nọ́ọ̀sì tó di oògùn náà sínú náílọ́nù kò gbójú sókè wò mí. Mo ti da gbogbo ẹ̀ nù, folic acid, fersolate tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun, vitamin C. Ṣé kí n máa mu àgbo?

Ìyá Ìbejì: Àgbo kẹ̀! Má dán an wò. Nígbà oyún àwọn ìbejì mi, fersolate yẹn, èébì ni ṣáá, ìgbẹ́ mi dúdú bí èédú. Ìgbà tí mo ń lò ó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ló tó rọlẹ̀.

Màmá Ṣadé: O da folic acid nù? Òun ló ń ṣiṣẹ́ lórí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ o! Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò ní sùúrù.

Ọmọ Kẹ́míìsì: Oyún oṣù mélòó ni mà? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?

Olóyún Tuntun: Mo ní sùúrù mà, ẹ ò rí ara mi ni. Oṣù márùn-ún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo vitamin ọ̀hún, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n fún wa ní oògùn ibà oníhóró mẹ́ta tí wọ́n ní ká gbé mì lójú wọn ló bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Oògùn ibà máa ń yúnni, chloroquine yún èmi náà dọ́jọ́ kẹta.

Ọmọ Kẹ́míìsì: Kì í ṣe chloroquine mà. Fansidar nìyẹn, sulfa, èròjà kan tí ara àwọn míì máa ń kọ̀, wà nínú ẹ̀ bíi ti Septrin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Ṣé Septrin ti bá yín jà rí?

Olóyún Tuntun: Nígbà tí mo wà ní kékeré, ojú àti ètè mi wú, ọsibítù ni wọ́n gbé mi lọ. Kò sẹ́ni tó bi mí nísinsìnyí. Inú ẹnu mi tiẹ̀ ti ń bó látàárọ̀.

Màmá Ṣadé: Yéè! Dìde níbẹ̀, ọmọ mi.

Ọmọ Kẹ́míìsì: Ọsibítù lónìí yìí mà, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹnu bíbó, ojú pípọ́n, awọ ṣíṣí, kò gbọdọ̀ di ohun tẹ́ ẹ ń fi ìpara pa nílé. Kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí káàdì yín pé ara yín kọ sulfa, torí wọ́n tún máa fún yín ní hóró mẹ́ta yẹn. Ẹ bi wọ́n ìgbà tẹ́ ẹ máa padà sórí folic acid.

Olóyún Tuntun: Ọkọ mi ti ń wọ bàtà. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì yẹn ló yẹ kó bi mí.