Ìmọ̀ràn: jíìpù àlòkù tí mo fẹ́ sọ di ọkọ̀ ìpàgọ́

Ará_Sùúrùlérè:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ máa lọ sùn sí etí òkun lọ́nà Àgbádárìgì àti Ẹ̀pẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, ká sì máa dé Ìdànrè àti igbó Omo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. 4Runner 2007, V6, tòkunbọ̀ tí wọ́n ti lò díẹ̀ ní Èkó, ni mo ń wò. Mi ò tíì sanwó. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni àgọ́ orí ọkọ̀, táyà ńlá, iná gígùn iwájú àti fíríìjì. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Mẹkáníìkì_Ládípọ̀:
Kí ẹ tó sanwó, ẹ wólẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo 4Runner ló ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ti Amẹ́ríkà wọlé, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í. Ẹ wò bóyá differential (ẹ̀rọ tó ń pín agbára sí táyà ọ̀tún àti òsì) wà níwájú, tí propeller, ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára, sì ti ibi gíà jáde lọ bá a. Bí kò bá sí, ẹ wá òmíràn. Owó àtisọ ọ́ di fọ́ọ̀ wíìlì kò bọ́gbọ́n mu rárá.

Bó bá ní in, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ọkọ̀ dúró gbọn-in, gíà ní N, kí ẹ yí bọ́tìnì rẹ̀ sí 4L (ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, eré jẹ́jẹ́). Iná 4LO á ṣẹ́jú díẹ̀, á sì dúró. Bó bá ń ṣẹ́jú ṣáá, mọ́tò kékeré tó ń yí i ti gan. Awakọ̀ Èkó kì í lo 4L, ọdún pípẹ́ lè kọjá kí ó má yí lẹ́ẹ̀kan, ìpẹtà á sì dì í mú. Ẹ fi ìyẹn dúnàá dúrà.

Ọkọ̀ tó ti ìpínlẹ̀ oníyìnyín wá, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì níbẹ̀ ń jẹ ṣáṣí rẹ̀ láti inú síta. Ẹ fi òòlù kékeré gbá a, pàápàá jù lọ ní òkè axle ẹ̀yìn (ọ̀pá tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) àti ibi tí àwọn apá ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn. Irin tó dáa á dún gan-an. Èyí tó ti jẹrà, ohùn rẹ̀ á kú. Bí ẹ bá rí ọ̀dà dúdú tuntun ní gbogbo abẹ́ ọkọ̀ àlòkù, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti túbọ̀ gbá a. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pẹ̀lú: ìlà ẹrẹ̀ ní ìpẹ̀kun rẹ̀ fi hàn pé omi ti mu ọkọ̀ náà rí.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni rédíétọ̀. Nínú 4Runner ìran yìí, epo gíà ń gba inú rédíétọ̀ kọjá kó lè tutù. Bí páìpù inú rẹ̀ bá là, omi àti epo gíà á dàpọ̀, wọ́n á ki bíi yógọ́ọ̀tì. Omi yẹn ń bọ́ ohun tó lẹ̀ mọ́ àwọn awo inú gíà, gíà yẹn á sì lọ. Gíà yìí kò ní ọ̀pá ìwọn epo, nítorí náà ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Omi Toyota fúnra rẹ̀ lè pupa, ìyẹn kọ́ ni àìsàn. Kó má ti ṣú, kó má ti ki ni ẹ ń wá. Bó bá tilẹ̀ mọ́, ẹ pààrọ̀ rédíétọ̀ náà sí tuntun, kí ẹ sì gbé kúlà gíà sọ́tọ̀ síwájú rẹ̀. Ẹrù ìpàgọ́ àti yanrìn rírọ̀ ń mú gíà gbóná ju gósíló lọ.

Ẹ́ńjìnnì 4.0 yẹn kò ní wàhálà púpọ̀. Ẹ̀wọ̀n ló ní, kò ní bẹ́líìtì tàímù, V8 4.7 ló ní bẹ́líìtì tí a ń pààrọ̀ ní máìlì 90,000.

Ará_Sùúrùlérè:
Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá mi. Táyà ńkọ́? Wọ́n fi 285 tòkunbọ̀ hàn mí ní ASPAMDA, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó.

Yanrìn_Àgbádárìgì:
Ẹ fi 285 sílẹ̀. Á máa ha inú ìbòjú táyà nígbà tí ẹ bá yí ọwọ́ ọkọ̀ tán, á jẹ epo, búrékì á sì máa ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí rìímù yín bá jẹ́ 17, 265/65R17 ni ilé-iṣẹ́ fi sí i. Ẹ bọ́ sí 265/70R17. Gíga rẹ̀ fi nǹkan bíi mm 26 ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìdajì rẹ̀, mm 13, ló sì ń gbé ikùn ọkọ̀ sókè. Pẹ̀lú spring tó gbé e ní sẹ̀ǹtímítà 5, ó máa ń wọ̀ ọ́ láìsí wàhálà. Ẹ má kọjá 5 yẹn. Ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú á tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, rọ́bà orí rẹ̀ á sì ya. Ẹ kíyè sí i pé nígbà tí atọ́ka eré bá ń sọ 100, ẹ ti wà ní 103.

All-terrain ni kí ẹ rà. Táyà ẹrẹ̀ ń hó lórí títì, kò sì dáa fún yanrìn nítorí ńṣe ni eyín rẹ̀ ń gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT lára táyà: 3521 ni ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2021. Èyí tó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, bó ti wù kí eyín rẹ̀ ga tó, ẹ má rà á. Rọ́bà rẹ̀ ti gan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì là nígbà tí ẹ bá dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù. Ẹ ra márùn-ún, kì í ṣe mẹ́rin.

Afẹ́fẹ́ táyà ló ń gbé ọkọ̀ kọjá yanrìn, ju agbára ẹ́ńjìnnì lọ. Lórí títì, 35 psi. Kí ẹ tó kan yanrìn, 18, kí ẹ sì ti wà ní 4H (ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, eré tó yá ju ti 4L lọ). Táyà á tẹ́, ojú tó fi tẹ ilẹ̀ á gùn, kò sì ní rì. Bó bá ṣì ń wọlẹ̀, 15, ṣùgbọ́n ní 15 ẹ má yí ọwọ́ lójijì, torí táyà lè bọ́ lára rìímù. Ẹ má kọjá 40 km/h títí ẹ ó fi fẹ́ ẹ padà. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó lágbára, orí bátìrì ni kí ẹ ti fún un níná. Fíúsì 15A tó sábà máa ń wà fún ihò sìgá á jó.

Bí ẹ bá rì, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo. Gbogbo yíyí tí táyà bá yí lójú kan, kòtò ló ń gbẹ́, tí ikùn ọkọ̀ bá sì ti jókòó, ṣọ́bìrì ló kù. Ẹ kó yanrìn ẹ̀yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, ẹ ti bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún yíyọ ọkọ̀ nínú yanrìn sábẹ́ wọn, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn padà lójú ipa tí ẹ bá wá. Fún fífà, okùn ọ̀rá tó ń nà àti ṣákù (irin tí a fi ń so okùn mọ́ ọkọ̀) 3/4 ínǹṣì tí wọ́n kọ 4.75t sí lára. Ẹ má fi okùn kọ́ orí bọ́ọ̀lù ìfà-ọkọ̀ láéláé. Bó bá já, ó ń pa èèyàn.

Wáyà_Kì_í_Parọ́:
Lórí iná, ẹ ṣírò kí ẹ tó rajà. Fíríìjì 12V oníkọ̀ǹpírẹ́sọ̀, lítà 40, ń fa bíi 4A nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Nínú ooru wa, ẹ kà á sí ìdajì ọjọ́, 4A fún wákàtí 12: 48Ah (Ah ni iye ampere lọ́nà iye wákàtí). Fáànù kékeré tó ń fa 1A, wákàtí mẹ́jọ: 8Ah. Gílóòbù LED àti fóònù yín: bíi 9Ah. Ẹ ti ń lọ sí 65Ah lójúmọ́. Bátìrì olómi 100Ah, ìdajì rẹ̀ nìkan ni kí ẹ máa lò tí ẹ kò bá fẹ́ kó tètè kú, nítorí náà kò tó. LiFePO4 (bátìrì lithium) 100Ah ń fún yín ní 80 sí 90 nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ bíi kg 12, nígbà tí olómi súnmọ́ 30.

Ẹ má so lithium mọ́ alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti fún bátìrì níná, tààrà. Gbogbo ohun tí alternator bá ní ló máa gbà. Nínú gósíló, ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́jẹ́, fáànù alternator ń bá a yí jẹ́jẹ́, atẹ́gùn tó yẹ kó tù ú kò tó, á sì jóná. DC-DC charger 20A ló ń díwọ̀n rẹ̀: wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà á dá bíi 60Ah padà. Páànẹ́ẹ̀lì sólà 100W ń mú nǹkan bíi 25Ah wá lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa, kì í tó bẹ́ẹ̀ lóṣù Keje. Bí ẹ bá fẹ́ jókòó síbì kan láìtan ẹ́ńjìnnì, ẹ lọ sí 200W.

Wáyà 16mm², bíi mítà márùn-ún láti iwájú dé ẹ̀yìn. Fíúsì 40A lẹ́bàá bátìrì iwájú, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ sí orí rẹ̀, àti òmíràn lẹ́bàá bátìrì ẹ̀yìn. Méjèèjì ni o. Iná ń ti orí bátìrì méjèèjì wá, nítorí náà bí wáyà bá bó láàárín, fíúsì ẹyọ kan kò lè pa iná tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀pọ̀ rìwáyà ń fi ìkejì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń gbiná. Níbi tí wáyà bá ti gba ojú irin kọjá, ẹ fi rọ́bà sí ihò náà.

Ní Alábà, ẹ gé wáyà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ ha irun kan nínú rẹ̀. Bó bá funfun lábẹ́, aluminiomu tí wọ́n fi bàbà bò ni. Ó ń gbóná ju ojúlówó bàbà lọ lábẹ́ ẹrù kan náà. Bátìrì kejì, inú ọkọ̀ ni kó wà. Ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kò dáa fún lithium.

Ìyá_Àgọ́:
Ẹ jẹ́ kí àgọ́ orí ọkọ̀ dúró ná, àbúrò. Òun nìkan lè tó kg 60, orí òkè pátápátá ló sì máa wà. Ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀: ó kọ iye tí èèyàn àti ẹrù kò gbọ́dọ̀ kọjá lápapọ̀. Bó bá jẹ́ lb, ẹ fi 2.2 pín in. Ẹ wá kà: ẹ̀yin méjì, kg 150, ibùsùn, 29, bátìrì, 12, fíríìjì pẹ̀lú oúnjẹ, 30, kẹ́ẹ̀gì omi méjì oní lítà 25, 50, irinṣẹ́ àti okùn, 35, aṣọ àti ìkòkò, 30. Kg 336 nìyẹn, láìtíì ka àgọ́, láìtíì ka bọ́ńpà irin. Ìyẹn ni mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè pé kí ó sùn sínú ọkọ̀.

Ibùsùn: páìpù onígun mẹ́rin 25×25mm tó nípọn ní mm 2, mítà mẹ́wàá, á wúwo tó kg 15. Plywood kan, ẹsẹ̀ 4 sí 8, tó fún un, á sì ṣẹ́kù fún ojú dúrọ́ọ̀. Àwọn káfíńtà máa ní kí ẹ ra mm 18. Mm 12 tó, bí ọ̀pá bá wà lábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 40; pákó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 110, tó gùn ní 180, ní mm 18 jẹ́ bíi kg 21, ní mm 12 kò ju 14 lọ. Ẹ wọn inú ọkọ̀ yín fúnra yín kí ẹ tó gé e, ẹ sì ta pólíìṣì sí etí rẹ̀ torí ọ̀rinrin. Fóòmù líle ínǹṣì mẹ́ta tó. Èyí tó bá nípọn jù ú lọ ń gba orí yín mọ́ òrùlé. Omi, ẹ gbé e sílẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó iwájú, kí ẹ sì dè é.

Gíláàsì ẹ̀yìn 4Runner ń wálẹ̀, ohun tó dùn mọ́ mi jù lára rẹ̀ nìyẹn. Ẹ rán nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ní mágnẹ́ẹ̀tì létí sí i àti sí fèrèsé kan níwájú, afẹ́fẹ́ á gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ tì í pa kí ọkọ̀ tó rìn, nítorí èéfín sàlẹ́ńsà ń yí padà wọlé láti ẹ̀yìn. Ẹ má sì sùn pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lórí àti AC, pàápàá lórí yanrìn tó lè bo ẹnu sàlẹ́ńsà. Gáàsì olóró inú èéfín yẹn, carbon monoxide, kò ní òórùn tí ẹ máa fi mọ̀, kì í sì jí èèyàn. Gáàsì ìdáná náà, ìta ni.

Ẹ má tún lẹ ọ̀rá dúdú (tint) mọ́ gíláàsì torí oorun. Òfin 1991 ló ní kí ẹ gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Kọ́tìnì tí ẹ ó ká láàárọ̀ tó.

Ará_Ẹ̀pẹ́:
Àǹtí, mo gbà pé ó wúwo, àmọ́ nínú òjò, nígbà tí ilẹ̀ bá kún fún omi, àgọ́ orí ọkọ̀ ní àǹfààní tirẹ̀. Ẹni tí kò bá gbé fíríìjì àti omi púpọ̀ lè gbé e. Lórí ibi sísùn: ẹ má pàgọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà tó dá. Ẹ kọ́kọ́ rí baálẹ̀ tàbí àwọn tó ń bójú tó etí òkun náà, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ní igbó Omo, ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ igbó. Erin wà níbẹ̀, ẹ má kàn wọ̀ ọ́ lóru.

Ará_Sùúrùlérè:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, àǹtí náà ẹ ṣeun. Mo ti yọ àgọ́ àti iná gígùn kúrò. Ìbéèrè méjì ló kù: ṣé kí wẹ́dà jo ibùsùn mọ́ ara ọkọ̀? Ṣé mo nílò snorkel (páìpù tó ń fa afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì láti òkè) fún omi òjò Èkó?

Mẹkáníìkì_Ládípọ̀:
Rárá sí méjèèjì. Bóòtù ni kí ẹ fi dè é, sí ihò tí bẹ́líìtì tàbí ìjókòó ẹ̀yìn ń lò: ihò bẹ́líìtì sábà máa ń jẹ́ 7/16-20, kì í ṣe M10. M10 tín-ín-rín jù ú lọ, kò ní dì í mú dáadáa. Bí wẹ́dà bá ní láti jo ohunkóhun lára ọkọ̀ náà, kí ó kọ́kọ́ yọ orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gétíìfù, torí iná rẹ̀ lè pa kọ̀ǹpútà ọkọ̀.

Snorkel kọ́ ló ń kọ́kọ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ omi. Differential tó gbóná, nígbà tó bá wọ omi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi wọlé láti ojú sílì tàbí ibi tó ti ń mí. Epo inú differential á funfun, bẹ́áríìnì á sì jẹ. Ẹ fa rọ́bà gígùn láti ẹnu ibi tí differential ẹ̀yìn ń mí sí lọ sókè, ẹ̀bá ihò epo. Ohun kékeré ni, kò gba ju wákàtí kan lọ. Lẹ́yìn omi tó bá bo àárín rìímù, ẹ tú bóòtù òkè differential, kí ẹ fi ìka wo àwọ̀ epo rẹ̀. Ẹ má wọ omi tó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ rárá.

Spring ẹ̀yìn, ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ẹrù tó ń wà lórí ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí ẹni kan bá ní òun á fi rọ́bà há àárín spring àtijọ́, ẹ sọ fún un pé rárá. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e sókè, ẹ lọ ṣe alignment ní ọjọ́ kan náà, pẹ̀lú ibùsùn àti omi lórí ọkọ̀, kí ìwọ̀n rẹ̀ lè bá bí ẹ ṣe máa lò ó mu.