Kírímù hydrocortisone fún ara tó ń yún: kí lojú yín ti rí?

Ìyá Tòmíwá, Mọ́lété
Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ kú gbogbo nǹkan o. Ọ̀rọ̀ ara yíyún ni mo gbé wá, torí kírímù yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa ìyá, àwọn kan á ní kéèyàn má fọwọ́ kàn án rárá pé ó ń bó èèyàn, àwọn kan sì ń fi para ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti wẹ̀ tán. Tèmi rèé. Tòmíwá ló ra ṣéènì kan ní Dùgbẹ̀, kò pẹ́ lọ́rùn ẹ̀ tí gbogbo ibi tó ti kan ara fi wú, ó dúdú yípo, ó sì ń yún un débi pé kì í lè sùn. Mo rò pé ooru ni. A dé famasí kan ní Bódìjà, obìnrin tó wà níbẹ̀ ò tíì mú oògùn kankan tó fi bèèrè pé kí ni ọmọ yìí fi sọ́rùn. Ó ní nickel tó wà nínú irin ṣéènì yẹn ni ara ẹ̀ kọ̀, pé bí ṣéènì bá ṣì wà lọ́rùn, kò sí kírímù tó máa ṣiṣẹ́. Ó wá fún wa ní hydrocortisone 1%, tíúbù kékeré, ó ní ibi tó wú nìkan ni kó fi pa, láàárọ̀ àti lálẹ́, kó má kọjá ọ̀sẹ̀ 1, tí kò bá lọ ká padà wá, ká má lọ ra òmíràn kún un.

Bó ṣe wọn oògùn yẹn ló wù mí jù. Ó tẹ ẹ́ gbọọrọ sórí ìka ìfábẹ̀lá, láti orí ìka dé oríkèé àkọ́kọ́, ó ní ìyẹn tó fún ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà 2. Ọrùn ọmọ ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí ara ẹ̀ ti balẹ̀, dúdú yẹn nìkan ló pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣá. Ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ohun tójú yín rí gan-an ni o, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp.

Onítáìsì, Àpáta
Ẹ ṣeun ìyá wa. Iṣẹ́ títẹ́ táìsì sílẹ̀ lèmi ń ṣe, inú sìmẹ́ǹtì lọwọ́ wa máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í le, ó ń ya, tó bá dòru màá máa họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde. Wọ́n fún mi ní hydrocortisone kan náà yẹn, kò rí i gbé ṣe. Ìgbà tí mo rí dókítà awọ ara ló tó là mí lóye pé awọ àtẹ́lẹwọ́ nípọn, oògùn tí ò lágbára kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ibẹ̀, ó wá kọ èyí tó le ju ìyẹn lọ fún mi, ó sì dá ọjọ́ tí màá ṣíwọ́ ẹ̀ fún mi. Ó kìlọ̀ gan-an pé n ò gbọdọ̀ fi ìyókù kan ojú tàbí abẹ́, torí awọ ìpéǹpéjú àti ti abẹ́ fẹ́lẹ́, oògùn máa ń tètè wọ ibẹ̀ jù, tó bá sì ń wọnú ojú fúngbà pípẹ́ ó lè ba ojú jẹ́.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, gílọ́ọ̀fù ló gbà mí. Nǹkan kan ń bẹ nínú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní chromate, tí ara bá ti kọ̀ ọ́, ó ti kọ̀ ọ́ nìyẹn. Ọ̀gá mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ní mò ń wọ gílọ́ọ̀fù bí ìyàwó tuntun. Òun náà ti ń wọ̀ ọ́ báyìí o, a ò kàn jọ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ ni.

Àǹtí Kẹ́míìsì, Agbeni
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi torí ẹ̀yìn káńtà ni mo wà. Èèyàn á wọlé, á ní "ẹ fún mi ní kírímù tó ń pa gbogbo nǹkan ara". Èyí tí wọ́n ń wí yẹn, oògùn 3 ni wọ́n pò sínú tíúbù kan ṣoṣo, ọ̀kan fún kòkòrò bakitéríà, ọ̀kan fún làpálàpá, ẹ̀kẹta ni sítẹ́rọ́ìdì, ìyẹn irú oògùn tó ń mú kí ara tó wú tó ń yún rọlẹ̀, tí hydrocortisone náà wà lára ẹ̀, sítẹ́rọ́ìdì yẹn kì í sì í ṣe èyí tó rọra tí Ìyá Tòmíwá ń sọ, betamethasone tàbí clobetasol lẹ máa rí lára páálí, clobetasol sì wà lára àwọn tó le jù lọ pátápátá.

Ìyá kan mú ọmọkùnrin ẹ̀ wá bá mi. Làpálàpá roboto kan báyìí ló kọ́kọ́ yọ lẹ́yìn ọmọ náà, aládùúgbò kan ló ní kí wọ́n lọ ra irú kírímù yẹn. Wọ́n bá fi pa á, yíyún á rọlẹ̀, wọ́n á ní ó ti lọ, wọ́n á gbé kírímù pa mọ́, á tún yọ, á sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo máa rí i ó ti gba gbogbo ẹ̀yìn ọmọ, kò tiẹ̀ jọ làpálàpá mọ́, etí ẹ̀ ò hàn, èèyàn tí ò bá bèèrè ìtàn ò ní mọ̀. Sítẹ́rọ́ìdì ló jẹ́ kí awọ dákẹ́ ariwo, làpálàpá wá ráyè jẹun lábẹ́ ẹ̀. Mi ò tà á fún wọn, ilé ìwòsàn ni mo ní kí wọ́n lọ. Wọ́n ha awọ ẹ̀ díẹ̀ lọ yẹ̀ wò, oògùn làpálàpá nìkan ni wọ́n fi tọ́jú ẹ̀.

Kódà hydrocortisone tí kò le náà ò gbọdọ̀ kan làpálàpá o, tàbí ojú egbò, tàbí ibi tó ń ṣọyún. Ẹ sì máa ka páálí kẹ́ ẹ tó sanwó. Orúkọ gàdàgbà tó wà níwájú yẹn orúkọ ọjà ni, èyí tí wọ́n kọ wínníwínní sábẹ́ ẹ̀ lẹ máa wò, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC.

Àbẹ̀ní, Mọ́kọ́lá
Èyí tí wọ́n ń pò nínú ike tí kò lórúkọ ńkọ́? Àǹtí mi kan lo irú ẹ̀, wọ́n ní ó máa jẹ́ kí ara ẹ̀ "tóònù". Ara mọ́ lóòótọ́. Àmọ́ awọ ọwọ́ ẹ̀ fẹ́lẹ́ débi tí gbogbo iṣan ń hàn, ilà ya lábíyá àti lẹ́yìn orúnkún, kó ṣáà ti fara gbá ilẹ̀kùn ni, ó ti dá egbò. Ọjọ́ tó ní òun ò lò ó mọ́ ni wàhálà gangan dé, ojú ẹ̀ wú, ó pọ́n, ó ń ta á, ló bá tún sáré padà sídìí ẹ̀. Dókítà ló ń bá a yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ báyìí. Torí ẹ̀ ni màmá mi ṣe fẹ́ já tíúbù gbà lọ́wọ́ mi nígbà tí kòkòrò jẹ mí lẹ́sẹ̀ tí mò ń fi hydrocortisone pa á. Mo ní Mọ́mì, ojú kan ni, ọjọ́ díẹ̀ ni, èyí kọ́ nìyẹn. Wọn ò gbà títí dòní.

Màmá Nọ́ọ̀sì, Òjóò
Àbẹ̀ní, bá mi kí wọn, ìbẹ̀rù wọn ò burú, ó kàn ṣìnà ni. Mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ṣì ń gbé ọmọ wá fún mi wò. Ohun tí mo máa ń rí jù ni àléfọ́ ọmọdé, nínú ìgbọ̀nwọ́ àti lẹ́yìn orúnkún. Lára àwa aláwọ̀ dúdú kì í sábà pọ́n o, á dúdú ju ara yòókù lọ, tàbí kó rí bí eérú, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi wá a, ibẹ̀ á le, á ṣe ṣákaṣàka, á gbóná díẹ̀. Torí pé kò pọ́n ni wọ́n ṣe máa ń fi sílẹ̀ títí á fi bàjẹ́.

Ìyá ọmọ kan wà tí dókítà kọ hydrocortisone fún ọmọ ẹ̀, ó ń bẹ̀rù ẹ̀, ó ń fi ẹyọ kan tín-ín-rín pa gbogbo ẹsẹ̀, lọ́jọ́ kejì á tún fò ó, ó wá ní oògùn ò jẹ́. Báwo ló ṣe máa jẹ́? Mo bá a wo ilé ìwẹ̀ ẹ̀: kànrìnkànrìn líle, ọṣẹ dúdú, omi gbígbóná. Mo ní kó gbé gbogbo ẹ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó fi òrí tàbí fasilíìnì pa ọmọ lára lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, kó jẹ́ kó tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárín ìyẹn àti kírímù, kó má po méjèèjì pọ̀, kírímù sì rèé, kó fi pa á bí dókítà ṣe wí, kó tó, kó sì dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n ní kó dáwọ́ dúró. Ara ọmọ jọlọ̀. Ibì kan funfun díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó pariwo pé kírímù ti bó ọmọ òun. Àléfọ́ fúnra ẹ̀ ló sábà máa ń fi ìyẹn sílẹ̀, ó ń padà sí àwọ̀ ẹ̀ tó bá yá. Ẹ má sì máa fi pa ìdí ọmọ lábẹ́ páḿpásì láìjẹ́ pé wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe é, ohun tó bá bò ó pa ń jẹ́ kó wọra jù.

Ọmọ Challenge
Màmá ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo wà nínú oyún, ara ń yún mi, ṣé mo lè lo hydrocortisone yìí?

Màmá Nọ́ọ̀sì, Òjóò
Ọmọ mi, hydrocortisone díẹ̀ sójú kan kì í ṣe nǹkan tí aboyún ń bẹ̀rù. Ibo ló ń yún ẹ? Ṣé nǹkan yọ síbẹ̀?

Ọmọ Challenge
Nǹkan kan ò yọ mà. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, òru ló máa ń le jù.

Màmá Nọ́ọ̀sì, Òjóò
Ìyẹn kì í ṣe ti kírímù rárá. Tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ aboyún bá ń yún lóru tí nǹkan kan ò sì yọ síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà láti fi wo bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ó lè kan ọmọ inú. Ọjọ́ wo ni antenatal ẹ?

Ọmọ Challenge
Tọ́sìdeè mà.

Màmá Nọ́ọ̀sì, Òjóò
Má dúró de Tọ́sìdeè. Lọ láàárọ̀ ọ̀la, bó o bá ti débẹ̀ kó o sọ ọ̀rọ̀ òru yẹn fún wọn gẹ́gẹ́ bó o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí.