Àbọ̀ ìbéèrè mi: Lexus GX 460 ni mo rà, mi ò mú Discovery 4

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo bèèrè èwo ni kí n rà nínú jíìpù méjì, Lexus GX 460 àti Land Rover Discovery 4. GX ni mo rà. Ìmọ̀ràn tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni ti ẹni tó ní kí n kọ́kọ́ bi àwọn mẹkáníìkì Abẹ́òkúta nípa ẹ̀yà ara ọkọ̀ kí n tó dúnàádúrà. Nítorí pé GX àti Toyota Prado jọ ń lo férémù (egungun abẹ́ ọkọ̀) kan náà, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti lè rí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà abẹ́ rẹ̀ nílùú níbí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dárúkọ Discovery, Èkó ni wọ́n ń júwe fún mi.

Ìmọ̀ràn pé kí n wa méjèèjì lójú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà ṣiṣẹ́ dé àyè kan. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olókùúta Ọbáńtokò ní Abẹ́òkúta níbí, Discovery ló tuni lára jù, nítorí àpò afẹ́fẹ́ ló gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dúró dípò sípíríngì. Bí ó bá jẹ́ ìtura nìkan ni mo ń wá, òun ni ǹ bá mú.

Ọ̀rọ̀ epo ló kù, nítorí ẹ́ńjìnnì GX, lítà 4.6 tó ní sílíńdà 8, kì í mu kékeré. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn GX tún ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣí sókè, nítorí náà kí ẹni tí àgbàlá rẹ̀ há kọ́kọ́ wọn àyè rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gíláàsì rẹ̀ lè dá ṣí sókè.